Ẹ má gbé Raspberry Pi sí yàrá tí wifi ò dé o

Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ l'Abẹ́òkúta yìí pé téèyàn bá ti ra Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, tó gbé e sí yàrá tí wifi ò dé, wifi á lágbára níbẹ̀? Ẹni tó pè mí láti Ìbarà lánàá tiẹ̀ ti sanwó tán.

Irọ́ ni jàre. Pi ò lè dá wifi ṣe, èyí tó bá rí gbà lọ́wọ́ router (àpótí tó ń pín wifi nílé) ló máa pín. Tí fóònù yín ò bá rí nǹkan kan ní kọ̀rọ̀ yẹn, òun náà ò ní rí i, àǹtẹ́nà tiẹ̀ kò ju bíńtín lọ, ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n fín in sí.

Wàhálà gan-an wá ni pé rédíò wifi kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀. Tẹ́ẹ bá ní kó máa gbà lọ́dọ̀ router kó tún máa gbé e fún fóònù, orí channel (ọ̀nà rédíò) kan náà ló ti máa ṣe méjèèjì, kò sì lè máa gbọ́ kó tún máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, speed á wá já sí bí ìdajì. Síbẹ̀ báà á kún fọ́fọ́ lójú fóònù o! Àárín fóònù àti Pi ni báà yẹn ń wọ̀n, kò kan router rárá.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Ilé wa l'Aké, ògiri amọ̀ àtijọ́ ni, ó nípọn débi pé ẹ máa rò pé ara Olúmọ ni wọ́n ti gé e, ìgbì wifi 5 GHz ò kọjá rárá, ti 2.4 GHz ló ń rá pálá. Mo gbé Pi 4 sí yàrá ìyá àgbà, ọjọ́ kẹta wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, kí ni iná pupa yìí ń ṣe fún wa gan-an?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Wáyà ló yọ mí. Mo fa wáyà ethernet láti ara router wọ yàrá náà (ó lè gùn tó mítà 100), mo fi ètò kọ̀ǹpútà kan, hostapd, sọ Pi di access point (ibi tí fóònù ti ń gba wifi), iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá kù fún rédíò ẹ̀. Pi 4 tó jáde ní 2019 ní ihò wáyà gigabit tó yára, Pi Zero W ò ní ihò wáyà ethernet kankan, ẹ má lọ ra ìyẹn nítorí pé owó ẹ̀ kéré.

Kẹ́ẹ tó náwó sá, ẹ kọ́kọ́ gbé router kúrò lẹ́yìn fìríìjì, ẹ gbé e sókè sí àárín ilé. Ẹni Ìbarà yẹn, ẹ̀yìn fìríìjì náà ni tiẹ̀ wà.