Iná wo ló jó ìwé tèmi?

Ó ti sú mi o! Lẹ́tà kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun Amẹ́ríkà tún fi ránṣẹ́ sí mi lánàá: ẹ fi ẹ̀rí kún un. Ẹ̀rí wo? Oṣù 15 ni mo lò ní Iraq nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, láti 2007 wọ 2008. Síbẹ̀ DD-214 mi, ìwé tí wọ́n ń fún ológun tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò dárúkọ Iraq rárá, kò sì sí Iraq Campaign Medal, àmì ẹ̀yẹ àwọn ológun tó ṣiṣẹ́ ní Iraq, níbẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí gan-an, wọ́n gé lẹ́tà méjì kúrò nínú ẹ̀.

Mo kọ fọ́ọ̀mù DD 149, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun, mo so ìwé àṣẹ ìrìnàjò mọ́ ọn, ọ̀gá mi àtijọ́ kọ̀wé jẹ́rìí. Iná tó jó ilé àkọsílẹ̀ àwọn ológun ní St. Louis, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1973, ìwé àwọn tó ṣáájú wa ló jó. Ìyẹn yé mi. Ta ló jó tèmi? Akọ̀wé kan ló ṣàṣìṣe, èmi ni mo ń sáré kiri. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà nínú àgọ́ kan kò padà wálé. Mi ò ní gbà kí ìwé sọ pé a kò débẹ̀.