Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn, àtọmọdé àtàgbà

Èrò ọkàn mi lórí ìdíje chess rèé: ẹni tó bá fẹ́ jókòó ta ayò, kó fi fóònù àti aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbáà jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti gba ife àgbáyé.

Àwọn kan ní òfin FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso chess lágbàáyé, ti le jù. Wọ́n ní ṣé torí pé wọ́n bá fóònù lápò ènìyàn, tó tiẹ̀ ti pa á, ni yóò fi pàdánù ayò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ètò kọ̀ǹpútà fún chess tó wà lórí fóònù lásán lónìí lè na Magnus Carlsen tó ti gba ife àgbáyé. Ní ọdún 2015, ní Dubai, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti bá fóònù tí Gaioz Nigalidze, ọmọ Georgia, fi bébà bò mọ́lẹ̀, tó ń yọ́ lọ wò bí ayò ṣe ń lọ. Ní 2019, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni àṣírí Igors Rausis, àgbàlagbà ẹni ọdún 58, ti tú ní Strasbourg, ní Faransé. Wọ́n gba oyè grandmaster, oyè tó ga jù nínú chess, lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lù ńkọ́? Ta ló máa dá owó ọkọ̀ àti òru tí wọn ò fi sùn padà fún wọn?

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù ni ti Anna Rudolf, ọmọ Hungary. Ọmọ ogún ọdún ni lọ́dún 2007 nígbà tó ń na àwọn ọkùnrin ńláńlá nínú ìdíje kan ní Faransé. Ni àwọn tó ń bá a díje bá ní kọ̀ǹpútà ló fi pamọ́ sínú ìpara ètè rẹ̀. Ìpara ètè! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ náà mọ ayò ta ni, ẹ̀sùn olè ló sì fi gbà lérè.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n yẹ gbogbo ènìyàn wò nìyẹn, kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹnìkan bá ti ń borí. Ní Qatar lọ́dún 2023, Carlsen fìdí rẹmi lọ́wọ́ Alisher Suleymenov, ó wá ní aago ọwọ́ ọmọkùnrin náà ló gba ọkàn òun. Kò pè é ní oníjìbìtì o, àmọ́ aago ni gbogbo ayé ń sọ, wọn ò sọ̀rọ̀ ayò tó ta. Ká ní wọ́n ti gba aago gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà ni, ayọ̀ ọmọ yẹn ì bá pé.

Kí wọ́n yẹ ènìyàn wò níkọ̀kọ̀, kó sì jẹ́ obìnrin ni yóò yẹ obìnrin wò, bí òfin ṣe wí. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí, kí adájọ́ ìdíje ti fọwọ́ sí i ṣáájú, kí wọ́n má baà dójú tì í láàárín èrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ìdíje, tẹ́ ẹ sì ń gbowó ìforúkọsílẹ̀, ẹ má kàn lẹ̀wé mọ́ ògiri pé ẹ má mú fóònù wọlé. Ẹ wá àpótí alágàdágodo, ẹ fi ẹni gidi tì í, kí ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà tí yóò fi gba ẹrù rẹ̀.