Páànù bààlúù kì í ṣe páànù mọ́tò

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Kábbà ni o, Ìsánlú ni o, Mọ̀pà ni o, ohun kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bààlúù ń sọ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, bí ara rẹ̀ bá tẹ̀, ṣebí panẹli-bítà náà ni? Á gbé iná sí i, á fi òòlù nà án, á fi pọ́tì dí i, ó parí." Àwọn ọ̀gá panẹli-bítà wa pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn gidigidi, ṣùgbọ́n èrò yìí lè pa èèyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Air Beetle tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa fi kọ́ṣẹ́, tí wọ́n tò ní Kàdúná, ara RV-6A ni wọ́n ti fà á yọ, bààlúù tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ra ẹ̀yà rẹ̀ láti tò nílé nígbà náà. Páànù àti rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kékeré tí wọ́n ń lu ìdí rẹ̀ kó fẹ̀ láti fi so páànù pọ̀, ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀.

Iná ló burú jù. Irin ni ara mọ́tò. Páànù bààlúù, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní 2024-T3, alumíníọ̀mù ni, wọ́n pò ó mọ́ bàbà díẹ̀, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ooru tí wọ́n wọ̀n fún un nílé iṣẹ́ ló sọ ọ́ di alágbára. Ẹ tún gbé iná wẹ́dà sí i, agbára yẹn lọ nìyẹn, ojú kò sì ní rí i. Irin a máa pọ́n kó tó rọ̀, ó ń kìlọ̀ fún ọ̀gá. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Á máa dán lọ bẹ́ẹ̀, títí á fi ṣàdédé yọ́ dà sílẹ̀. Nǹkan bí 500°C ni 2024 ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, iná gáàsì àwọn wẹ́dà sì ju 3,000°C lọ.

Òòlù ńkọ́? Bí ẹ ṣe ń lù ú ló ń fẹ̀ sí i, á wá máa wú, á máa wọnú. Bí ibi tó tẹ̀ bá jọ̀lọ̀, tí kò là, tí kò ká ṣóńṣó, tó sì jìnnà sí rífẹ́ẹ̀tì àti egungun abẹ́ páànù, lọ́pọ̀ ìgbà, fífi í sílẹ̀ ló dára jù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Pọ́tì a máa bo ibi tó là mọ́lẹ̀, lílà náà á sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ní etí ẹ̀yìn apá kékeré tí awakọ̀ ń yí lára ìyẹ́, ìwọ̀n pọ́tì nìkan lè mú kí apá náà máa gbọ̀n lójú eré títí á fi já.

Báwo la ṣe ń ṣe é nígbà náà? Bí páànù bá là, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wá ibi tí lílà náà parí sí gan-an. Ẹ lu ihò 3/32 ínṣì síbẹ̀, kó má baà rìn mọ́, kí ẹ sì fá etí ihò náà kó jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó gé àlẹ̀mọ́: 2024-T3 bíi tirẹ̀, kó nípọn tó o tàbí kó fi ìpele kan jù ú lọ. Ẹ má fi pẹ́ńsù ilà sí i o. Dúdú inú pẹ́ńsù a máa jẹ alumíníọ̀mù, máàkà ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ rífẹ́ẹ̀tì 1/8 ínṣì, àárín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí ju 1/4 ínṣì lọ, kí ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì tó 3/8 ó kéré tán. Orí tí ẹ bá lù jáde gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 3/16, kó ga tó 1/16. Ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò bá bọ́ sí i, ẹ fi dírìlì yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí wà nínú ìwé AC 43.13-1B ti FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bààlúù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbí, NCAA ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bààlúù. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé e fò. Ẹ̀yin panẹli-bítà tó bá wù láti kọ́ ọ, ẹ wá ajákù 2024-T3 kí ẹ fi dánra wò. Ẹ má fi páànù òrùlé kọ́ ọ, kì í jẹ́ bákan náà lábẹ́ òòlù.