"Ìjọ Reformed kì í yí padà": ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, àgàgà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ẹ ó gbọ́ ọ pé ìjọ Reformed, ìyẹn àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ John Calvin, nìkan ni kì í yí padà, pé bí Calvin ṣe fi í sílẹ̀ ní Geneva láyé àtijọ́ ló wà dòní. Mo mọ ohun tó ń lé wọn débẹ̀. Pásítọ̀ tó ń rí ìran tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ a máa súni. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. (Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ gan-an ni kì í fẹ́ gbọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sétí, bẹ́ẹ̀ Calvin gbèjà rẹ̀ kíkankíkan.)

Ẹ wo Gúúsù Áfíríkà. Ní 1857, Sínọ́ọ̀dù (ìpàdé gíga) ìjọ Reformed ibẹ̀ gbà pé Ìwé Mímọ́ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà jọ máa sìn pọ̀, àmọ́ nítorí àìlera àwọn kan, wọ́n lè ya àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀. Àìlera àwọn kan o! Ojú àánú yẹn ló di àṣà. Ní 1881 wọ́n dá ìjọ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yà mìíràn. Nígbà tí apartheid, ìjọba ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, wá gorí àga ní 1948, àwọn onímọ̀ Bíbélì wọn ń fi ìtàn ilé ìṣọ́ Bábélì gbè é lẹ́yìn. Ní 1982, àjọ àgbáyé àwọn ìjọ Reformed pàdé ní Ottawa, wọ́n pe ìgbèjà yẹn ní ẹ̀kọ́ àdámọ̀, wọ́n dá ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun méjì dúró nínú àjọ náà, wọ́n sì fi Allan Boesak, pásítọ̀ kan nínú ìjọ àwọn Coloured, ṣe ààrẹ. Ọdún yẹn náà ni ìjọ àwọn Coloured kọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Belhar láti tako ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1986. Ọdún 1986 kan náà ni ìjọ ńlá àwọn aláwọ̀ funfun ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ̀yà. Inú bí àwọn kan nínú wọn, wọ́n jáde lọ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1987.

Ẹnìkan á ní ìwà ló yí, ẹ̀kọ́ ò yí. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tuntun, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti kọ àwọn ti àtijọ́, tí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́, kí ni ká pè é?

Ní Netherlands, àwọn tí pásítọ̀ Abraham Kuyper kó jáde nínú ìjọ Reformed ńlá ibẹ̀ ní 1886 padà dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2004, àwọn ọmọ ìjọ Luther náà sì wọlé. Àwọn kan tó tún ya kúrò lára àwọn ti Kuyper ní 1944 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, àwọn náà fàyè gba obìnrin láti jẹ́ pásítọ̀ ní 2017.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Láti Gúúsù Áfíríkà yẹn náà ni àwọn míṣọ́nnárì ti dé ilẹ̀ Tiv ní 1911. Ní 1957 ìjọ náà gba òmìnira, ó di NKST, orúkọ tí ìjọ Reformed àwọn Tiv ń jẹ́. Àwọn Tiv fúnra wọn ló ń darí rẹ̀, èdè Tiv ni wọ́n sì fi ń wàásù.