Ìdérí Ọkọ̀ Mi Tún Ti Jò!

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o! Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé, mo dé etí omi Jabi l'Ábùjá láàárọ̀, mo ṣí ìdérí ihò tó wà níwájú ọkọ̀ ojú omi mi, omi ló kún ibẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, gbogbo wọn ló ń léfòó. Bátìrì jókòó sínú omi. Àwọn tó ti bá mi sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́rú pé àwọn máa kó ọmọ wá wọkọ̀ dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń gbọ́n omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 mẹ́fà ni mo gbọ́n. Lítà kan, kílò kan ni o! Kílò 60 ní iwájú ọkọ̀ kékeré, ká ní mo ti kó àwọn ọmọ olọ́mọ wọlé láìṣí i wò ńkọ́? Ẹni tó bá rántí ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó, tó rì lápá Pàtígi ní Kwara lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí èèyàn tó lé ní 100 bá a lọ, mọ̀ pé a kì í fi omi ṣeré. Mo dá owó wọn padà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Oṣù kìn-ín-ní ni mo gbé iṣẹ́ yìí jáde. Ìdérí àtijọ́ ti sán, oòrùn ti jẹ ẹ́, rọ́bà etí rẹ̀ ti le gan-an. Mo ní kí wọ́n bá mi ra tuntun l'Ékòó. Mo fi tépù wọn ihò orí ọkọ̀: íǹṣì 15 sí 24. Mo sọ ọ́ lórí fóònù, mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ihò ni mo wọ̀n o, kì í ṣe etí. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ó dé páàkì, mo tú u, 15 sí 24 ni lóòótọ́, àmọ́ láti etí dé etí! Ṣe ló máa já bọ́ sínú ihò. Mo tún san owó ọkọ̀ láti dá a padà, mo tún san ti èyí tó tóbi. Ẹni tó rà á kò tiẹ̀ sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́".

Ẹni tó máa dè é wá dé, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, inú mi dùn pé a jọ gbọ́ èdè ara wa. Mo jókòó tì í. Sílíkóònù àtijọ́, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ṣì wà yí ihò náà ká, ó dúdú, ó nípọn tó ìka ọmọdé. Mo ní, "Àbúrò, ṣé o ò ní fá eléyìí kúrò?"

"Aǹtí wa, ẹ fọkàn balẹ̀, tuntun máa bò ó."

Máa bò ó! Gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù àtijọ́, iye yòówù kí wọ́n rà á. Ọ̀bẹ la fi ń fá a, ká fi sáńpépà gbo ó, ká fi tínà nu ojú fáíbà tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ títí àkísà kò fi ní í dọ̀tí mọ́. Àkísà gbígbẹ ló fi nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ọyẹ́ tí eruku ń bà lé gbogbo nǹkan. Ó fa gọ́ọ̀mù ilé ìwẹ̀ yíká, ó gbé ìdérí lé e, ó fún skúrù mọ́lẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi ya jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì ku nǹkan kan lábẹ́. Mo ní kó má tíì fún un tán, kó jẹ́ kó gan ná. Mo ní ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, á pẹ́ lásìkò ọyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Aǹtí wa, iṣẹ́ wa nìyí." Kò tó wákàtí méjì, ó gba owó, ó lọ.

Òjò oṣù kẹrin dé, ó jò. Mo pè é. Kí ló ṣe? Ó fa gọ́ọ̀mù mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀! Oṣù karùn-ún, ó jò, ó tún fa òmíràn lé e! Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tún òrùlé ilé tí mo háyà ṣe, ọ̀dà lórí ọ̀dà fún ọdún mẹ́ta, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì kúrò ní pálọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòtò àdúgbò wa, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á ní àwọn ti tún ọ̀nà ṣe. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ tú nǹkan débi ìdí?

Ní Sátidé yẹn, mo tú u fúnra mi. Skúrù 14. Mo fi èékánná mú etí gọ́ọ̀mù náà, ó bọ́ kúrò lódindi, bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun! Mo wá ki ìka bọ ihò skúrù. Páìwúùdù tó wà láàárín fáíbà ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Mo tẹ̀ ẹ́, omi pupa rúsúrúsú ṣàn sí mi lọ́wọ́. Ó yẹ kó ti lu ihò yẹn fẹ̀, kó da epoxy, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le koránkorán, kún un, kó gbẹ, kó tó wá lu ihò kékeré sí àárín rẹ̀, kí omi má bàa rí igi. Mo sọ fún un. Mo fi owó epoxy lé e lọ́wọ́! Epoxy náà dà?

Iṣẹ́ ìdérí kan ṣoṣo ti wá di dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pẹpẹ orí ọkọ̀, tí mo máa gé. Mo pè é lálẹ́. "Aǹtí wa, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, mo máa wá fa gọ́ọ̀mù sí i lọ́la."

Má fa nǹkan kan! Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Àbújá, gbogbo yín pátá, ẹ fá ti àtijọ́ kúrò! Ẹ fá a!