Bẹ́ńdì Ọwọ́ Yìí, Ta Ló Ń Ṣiṣẹ́ fún Ta?

Update míì tún ti dé! Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, oorun ti ń kun ojú, ni bẹ́ńdì, ẹ̀rọ kékeré tí à ń so mọ́ ọwọ́ kó lè máa ka ìṣísẹ̀, oorun àti ìlù ọkàn, bá gbọ̀n rìrì lọ́rùn ọwọ́, áàpù rẹ̀ sì gba gbogbo ojú fóònù kan: tuntun ti jáde, ẹ gbé e wọlé báyìí. Kò síbi téèyàn lè tẹ̀ kó fi sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ̀yin náà kúkú mọ orin ọ̀hún: kí bátìrì ju ìdá 30 nínú 100 lọ, kí fóònù wà nítòsí, ẹ má pa Bluetooth, ẹ má jáde nínú áàpù. Ó kù kí wọ́n ní ká má mí.

Ó bẹ̀rẹ̀. 5. 12. 40. Ó dé 67, ó dúró gbagidi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 67 náà ni. Ojú bẹ́ńdì ṣú dùdù, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń tàn láàárín. Ohun tó fà á ò sì fara sin: iná ojú fóònù ti kú, ètò tó ń ṣọ́ bátìrì inú fóònù rí i pé áàpù kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ó sì pa á. Update bá já láàárín. Ṣé àwọn tó kọ áàpù ò mọ̀ pé fóònù ń ṣe báyìí ni? Wọ́n mọ̀! Wọ́n kọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ojú ewé ìrànlọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dé: ẹ wọ Settings, ẹ wá orúkọ áàpù, ẹ lọ síbi bátìrì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa. Kí ló dé tí áàpù ò lè sọ ìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀? Ó ráyè láti polówó okùn bẹ́ńdì aláwọ̀ pupa fún wa, ó ráyè dáadáa.

Ọ̀nà àbáyọ ńkọ́? Ká tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ pa bẹ́ńdì rẹ́ nínú áàpù, kí ẹ tún pa á rẹ́ lára àkójọ Bluetooth inú fóònù, torí tó bá ṣẹ́ kù sí ọ̀kan nínú méjèèjì, wọn ò ní rí ara wọn mọ́. Tó bá jẹ́ Android tí kò tíì tó 12, ó tún di dandan kí ẹ tan location kí Bluetooth tó lè wá ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, password. Lẹ́yìn password, nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí email. Nǹkan tó wà lọ́wọ́ ẹni, tí a fi owó ẹni rà, àfi ká gbàṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó sọ aago fúnni! Nígbà tó jàjà sopọ̀, oorun tó kọ sílẹ̀, ìlù ọkàn, gbogbo ohun tí kò tíì kọjá sórí fóònù ti wọ gbó. Álámù ti lọ. A ti ní kó má tan iná mọ́ nígbà tí a bá gbọ́wọ́ sókè, ó ti gbàgbé ìyẹn náà, ó tún ń tàn yanran nínú òkùnkùn.

Kí tiẹ̀ ni ohun tó nù yẹn gan-an? Iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ bẹ́ńdì ló ń wo ẹ̀jẹ̀: ẹ̀jẹ̀ máa ń gba iná náà mu, sẹ́ńsọ̀ á wọn èyí tó padà, á fi ìyẹn ka ìlù ọkàn. Ó dáa. Tí èèyàn bá jókòó jẹ́jẹ́, ó ń gbìyànjú. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bẹ́ńdì á máa mì, iná á máa jò wọlé, otútù lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tátùú lè dí iná lọ́nà, sẹ́ńsọ̀ á sì gbé ìró ẹsẹ̀ fún ìró ọkàn. Ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ nígbà 170 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ńdì náà ní ọkàn ń lù ní 170. Ẹ fi ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 140! Wọ́n á ní ká gbé bẹ́ńdì sókè ju egungun ọrùn ọwọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka kan, ká fún un le tí a bá ń sáré, ká tú u díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ṣèrànwọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé láti bọ́ ọ, kí ẹ nu abẹ́ rẹ̀, torí òógùn àti ọṣẹ tó há síbẹ̀ ló ń sọ ara di yíyún. Iṣẹ́ lórí iṣẹ́.

Ti kálórì, ìyẹn agbára tí ara ń lò, ẹ fi sílẹ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀rọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ méje wò: èyí tó dáa jù fi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà lórí kálórì, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Síbẹ̀ áàpù ń kọ 412 gàdàgbà bí ẹni tó gbé òṣùwọ̀n dání.

Bátìrì ọjọ́ 14? Lórí páálí ni. Ẹ tan èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mọ́júmọ́, ẹ jẹ́ kí message máa wọlé, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ṣájà rẹ̀ sì rèé, ojú irin kékeré méjì tí kò bá nǹkan mìíràn láyé mu. Òógùn á dípẹtà sí i lára, àfi ká máa fi òwú àti spirit nù ún. 5ATM tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àmì pé omi ò lè tètè wọ̀ ọ́, inú omi tó dákẹ́ ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe omi gbígbóná àti ọṣẹ.

Tí a bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ tí à ń ka nǹkan, ó ní a ti sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ní oorun wa ò dáa. Ta ló jí wa?

Ìṣísẹ̀ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Bí apá ṣe ń jù ló fi ń kà á. Ẹ ti ọmọlanke fún wákàtí kan, kí òógùn bò yín: ọwọ́ di irin mú, apá ò jù, bẹ́ńdì ní ẹ ò kúrò lójú kan. Á tiẹ̀ gbọ̀n pé ẹ dìde, ẹ ti jókòó jù! Ẹ wá jókòó kí ẹ máa pàtẹ́wọ́, ẹ ó rí i tí nọ́ńbà ń gòkè. Nítorí kí sì ni? Nítorí ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Japan fi polówó ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965, tí kì í ṣe pé dókítà kan ló wọ̀n ọ́n.

Àtúnṣe tí mo fẹ́ ò pọ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo àwọn tó ń ṣe bẹ́ńdì yìí máa ti ọmọlanke lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa gba owó oṣù ní iye ìṣísẹ̀ tí bẹ́ńdì bá kà fún wọn.