Ẹfolúṣọ̀n kì í ṣe àkàbà

Ẹ ti rí àwòrán yẹn rí: ọ̀bọ ló wà lẹ́yìn, ó ń nàró díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di èèyàn. Àwòrán yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà nípa ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Òun ló mú ká gbà pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ńṣe ni gbogbo ẹ̀dá ń díjú sí i, àwa sì rèé ní téńté. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí la tiẹ̀ fẹ́ fi wọn bí ẹ̀dá ṣe díjú tó? Àwọn kan á ní ká ka iye lẹ́tà tó wà nínú DNA, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tó ń sọ bí ẹ̀dá á ṣe rí. Ti èèyàn jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3. Ti àlùbọ́sà tó bílíọ̀nù 16! Púpọ̀ nínú ti àlùbọ́sà sì jẹ́ ohun kan náà tó ń tún ara rẹ̀ kọ ṣáá. DNA ò ṣeé fi wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Láwọn ọdún 1990, Daniel McShea, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gba ibi eegun ẹ̀yìn wọ̀n ọ́n, ọ̀nà tó gbà sì wù mí gan-an. Bí eegun tó tò tẹ̀ léra bá jọra, kò díjú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìrísí tirẹ̀, ó díjú. Ó wá fi ti àwọn baba ńlá ẹranko afọ́mọlọ́mú wé ti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ti àwọn kan díjú sí i, ti àwọn míì rọrùn sí i. Kò rí i pé ó tẹ̀ sí apá kan.

Ẹ wá wo Sacculina, ìbátan edé àti akàn. Nígbà tó wà lọ́mọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ kiri nínú òkun. Tí abo rẹ̀ bá ti ráyè wọ inú akàn, ó parí: kò lẹ́sẹ̀ mọ́, kò lẹ́nu, kò nífun. Ó di fọ́nrán-fọ́nrán bíi gbòǹgbò, ó ta káàkiri ara akàn, ó ń fa oúnjẹ lára rẹ̀. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ẹsẹ̀, wọ́n ní ìfun. Òun ò nílò wọn, ó sì ń bímọ dáadáa.

Báwo wá ni àwọn ẹ̀dá dídíjú ṣe wà? Ibi tó rọrùn jù ni ìwàláàyè ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láti rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀dá ṣe ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, àwọn kan á bọ́ sí ọ̀nà dídíjú. Àmọ́ bakitéríà, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ti ń bẹ láti ohun tó ju bílíọ̀nù 3 ọdún lọ, òun ló ṣì pọ̀ ju gbogbo wa lọ.